Ọjọ́ kan tí adájọ́ kò jókòó

Ilé-Ifẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé

Ẹjọ́ gómìnà Ọ̀ṣun kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lágéré. Láàárọ̀ yìí náà, "ta ló wọlé gan-an?" ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́ 6 oṣù Kejì 2019, bẹ́ẹ̀ orí ọjọ́ yẹn ni ẹjọ́ náà ti fọ́.

Nínú ìdìbò ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2018, Adeleke fi ìbò 353 ṣáájú Oyetola. INEC ní ìdìbò kò tíì parí, torí pé olùdìbò 3,498 ló wà ní ibùdó méje tí wọ́n fagi lé. Mẹ́ta nínú méje yẹn wà lọ́dọ̀ wa níbí: méjì ní Gúúsù Ifẹ̀, ọ̀kan ní Àríwá Ifẹ̀. Lẹ́yìn àtúndì, Oyetola fi 482 borí. Ní oṣù Kẹta 2019, ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ìdìbò gbé e fún Adeleke, adájọ́ méjì sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà, Peter Obiorah, kò sí níjòkòó ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì tí àwọn ẹlẹ́rìí olùjẹ́jọ́ wá sọ tẹnu wọn. Àkọsílẹ̀ ló kà. Adájọ́ tí kò fojú rí ẹlẹ́rìí bó ṣe ń làágùn lábẹ́ ìbéèrè lọ́yà, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé òun gbà á gbọ́ tàbí òun kò gbà á gbọ́? Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn da ìdájọ́ náà nù ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Keje, márùn-ún sí méjì.

Ọdún 2022, ọ̀rọ̀ yí padà. Adeleke ní 403,371, Oyetola 375,027. Oyetola pẹjọ́ pé ìbò ju iye ènìyàn tó wá dìbò lọ ní ibùdó 744. Ìgbìmọ̀ gbà fún un ní oṣù Kíní 2023, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà á padà fún Adeleke ní oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún. (Ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún yẹn kan náà! Kàlẹ́ńdà Ọ̀ṣun mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe.)

Ohun tó ba ẹjọ́ Oyetola jẹ́ ni ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti ibi ìkópamọ́ INEC. Ibẹ̀ kò mọ̀ ju ohun tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń ka àwọn olùdìbò tó wá sí ibùdó, bá ti fi ránṣẹ́ lọ. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀wé, iye ènìyàn ibẹ̀ á kéré, ìbò á wá dà bíi pé ó pọ̀ jù. Ohun tí kọ́ọ̀tù ń fẹ́ ni mẹ́ta pa pọ̀: ìwé orúkọ olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀, àti fọ́ọ̀mù EC8A tí wọ́n ń kọ èsì ìbò sí, ti ibùdó kọ̀ọ̀kan. Ká ní EC8A sọ 412, ẹ̀rọ sọ 398: 14 ló lé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún fi hàn pé bí wọ́n bá yọ gbogbo èyí tó lé, ẹni tó pẹjọ́ ló máa borí. Ọjọ́ 21 péré sì ni wọ́n fi ń pe ẹjọ́ náà, 180 fún ìdájọ́, 60 fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ẹjọ́ ilẹ̀ ìdílé náà kò yàtọ̀, ìyẹn tó sì kan ọ̀pọ̀ wa ju ti gómìnà lọ. "Baba wa ló nilẹ̀" kò tó. Ta ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó? Báwo ló ṣe gbà á: igbó ló ṣán ni, àbí wọ́n ta á lọ́rẹ? Ta ló gbà á lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ tẹ̀lé orúkọ, títí dórí ẹni tó wà níwájú adájọ́? Bí orúkọ kan bá fò, ẹjọ́ já nìyẹn, bí olùjẹ́jọ́ kò tiẹ̀ rí nǹkan kan sọ. Ẹni tó mọ orúkọ tó fò náà sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà kan tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Ìgbà tí ẹjọ́ bá dé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀, níbi tí ẹlẹ́rìí tuntun kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ ráyè.