Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Ò Sí Lọ́wọ́

Ilé búrẹ́dì lè máa jèrè lójoojúmọ́, kó má sì rí owó ra fúláwà ní Mọ́ńdè. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọmọ iṣẹ́ ń jalè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun la kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ọjọ́ tí owó jáde àti ọjọ́ tó wọlé ló jìnnà síra.

Ká ní fúláwà, ṣúgà, yíìsì, bọ́tà, díísù àti owó òṣìṣẹ́ ń gba ₦200,000 lójúmọ́, tí búrẹ́dì ọjọ́ náà sì jẹ́ ₦230,000. Èrè ₦30,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwìn ni àwọn tó ń gbà á tà ń kó o, ẹ̀yìn ọjọ́ 5 ni owó ń dé. Onífúláwà ní tiẹ̀ kò gba àwìn. Kí àpò 50kg tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, owó ti gbọ́dọ̀ pé. Nítorí náà, kí náírà àkọ́kọ́ tó padà, mílíọ̀nù 1 ti wà níta. Kò sì ní sinmi níbẹ̀: bí tọjọ́ kìíní ṣe ń wọlé ni tọjọ́ kẹfà ń jáde.

Ìgbà tí ọjà bá wá yá gan-an ló ń burú. Ẹ sọ búrẹ́dì di ìlọ́po méjì, mílíọ̀nù 1 mìíràn ti wọ ọ̀nà. Bó bá ṣe pé èrè lẹ fẹ́ kọ́kọ́ kó jọ fi dí i kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ₦30,000 lójúmọ́ á lo ọjọ́ 34 kó tó pé, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án.

Kẹ́ ẹ tó sáré lọ yá owó èlé, ẹ dín ọjọ́ àwìn kù. Bí 5 bá di 3, ₦600,000 péré ló máa wà níta. ₦400,000 ti padà sọ́wọ́ yín láìjẹ gbèsè. Òfin rẹ̀ kò le: kó owó ẹrù àtẹ̀yìnwá wá, kó o tó kó tuntun. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ẹrù kan kò gbọ́dọ̀ rí èkejì, ì báà jẹ́ àbúrò yín. Ẹ yọ búrẹ́dì tí wọ́n dá padà kúrò nínú gbèsè wọn lọ́jọ́ náà gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé yín á máa purọ́. Ẹ má sì pe skrínṣọ́ọ̀tì ní owó. Ìgbà tó bá wọ àkáǹtì ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.

Nótíbùùkù tó. Ẹ kọ owó àárọ̀, èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù lálẹ́. Lójú ewé mìíràn, ẹ kọ ọ̀sẹ̀ 4 tó ń bọ̀ àti gbogbo ìnáwó tó máa bọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó oṣù, àtúnṣe jẹnẹrétọ̀, owó ilé. Ọ̀sẹ̀ tí owó kò bá ti ní kárí á hàn síta ṣáájú.

Owó ilé ọlọ́dọọdún máa ń ká èèyàn mọ́. ₦360,000 lọ́dún, ẹ dá ₦1,050 lójúmọ́ fún alájọ. Bó bá yọ ọjọ́ kan tiẹ̀ lóṣooṣù, á ṣì pé. Ẹ̀yin náà, ẹ gba owó oṣù tẹ́ ẹ bá ti fún ara yín. Owó ọbẹ̀ àti ti aṣọ ẹbí tẹ́ ẹ ń mú nínú dúrọ́ọ̀ ló ń jẹ ojú owó jù.

Àti fúláwà tí wọ́n ní ó máa wọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀: ẹ ra ti ọ̀sẹ̀ 2, ẹ má ra ti oṣù 3. Kòkòrò ń wọ̀ ọ́, owó oṣù sì ń dúró.