Fíìmù Súfèé, ìjókòó keje: Dípọ̀ kọ̀, kò ya olóríkunkun

Alẹ́ Sátidé ni a padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ di ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ fún Súfèé, fíìmù adẹ́rùbani tí mo ń fi fóònù yà nípa àwọn ọmọ ilé-ìwé àti iwin kan tó ń súfèé, ìpinnu mi sì ni pé ìran kẹrin nìkan ni a ó yà, kí a sì tètè kúrò níbẹ̀. A ya ìran kẹrin náà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí mo lè fi han ènìyàn láìfi ọwọ́ bo ojú. Inú bí mi títí mo fi délé, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní tí mo tún gbogbo rẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, mo rí ohun kan ní ìparí ìgbà kẹsàn-án tí n kò mọ̀ pé kámẹ́rà gbà sílẹ̀, ohun náà sì ti yí ìdajì fíìmù yìí padà mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn ohun tó ti parí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti to ìran kìíní dé ìkẹta. Ibùsùn onírin méjèèjì, àpótí àti àwọ̀n ẹ̀fọn wà ní ipò wọn. Lẹ́tà ìyọ̀ǹda àwọn òbí wà nínú fáìlì, nítorí pé ọmọ ọdún 16 ni ẹni tó ń ṣe Dípọ̀, ọmọ olóríkunkun inú fíìmù náà, ọmọ ọdún 15 sì ni ẹni tó ń ṣe Bísí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ka ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Bó ti wù kí iṣẹ́ kù tó, aago mẹ́wàá kì í bá wọn lọ́dọ̀ wa.

Ìlà dúdú tó ń sáré lórí ògiri, èyí tí mo ráhùn lé lórí nígbà tó kọjá, ti lọ pẹ̀lú. Iná mọ̀nàmọ́ná wa ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn Hz 50, nítorí náà gílóòbù a máa ṣẹ́jú nígbà 100. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá tí fóònù ń yà fúnra rẹ̀ kò sì bá a mu. Mo ti yí i sí 25, mo sì fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ìbá tó ká ní kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ kékeré ni a ń lò, torí pé bí ẹrù bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn ni ó ń rẹlẹ̀, tí Hz 50 náà kò sì ní jẹ́ 50 mọ́. Mo wá ra iná LED méjì tó ń lo bátìrì ní Queen Cinema, n'Ìbàdàn, níbi tí orúkọ ilé sinimá ṣì jẹ́ ti àdúgbò bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Owó rẹ̀ dùn mí, ṣùgbọ́n ògiri mi mọ́. Mẹ́mọ́rì káàdì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri ní 128 GB lára, 8 péré ló wà nínú rẹ̀, àwòrán tó bá sì ti kọjá 8 náà á dàbí ẹni pé ó wọlé, kò sì wọlé. Ẹ kún un dẹ́nu kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Ó wá kan Dípọ̀.

Ẹ rántí pé nínú ìwé eré tí mo ti ń lò bọ̀, ìran kẹrin ni Bàbá Ọdẹ, olùṣọ́ ilé-ìwé, ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé a kì í súfèé lálẹ́, tí Dípọ̀ sì súfèé sí wọn lójú. Láti ibẹ̀ ni iwin ti gbọ́ ọ, tó sì wá mú un ní ìran keje. Gbogbo ẹni tó gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí ló mọ iwin Madam Koi Koi àti bàtà gogoro rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi sá fún bàtà tí mo mú súfèé. Ohun tí n kò ronú sí ni irú ọmọ tí yóò súfèé sí àgbàlagbà lójú. Mo gbà pé aṣọ ni yóò sọ ọ́ fún wa. Mo ra jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kan, mo fún télọ̀ ní ṣòkòtò yunifọ́ọ̀mù kó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ títí gìgísẹ̀ kò fi fẹ́ kọjá, mo so ṣéènì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, mo sì fún un ní ṣingọ́ọ̀mù. Nígbà tó jáde síwájú iná, ó dàbí ẹni tí ìyá rẹ̀ wọ̀ láṣọ fún àpèjẹ ìparí ọdún.

Ní ìgbà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ní kó pariwo. Ó pariwo, ó ní “Ẹ fi mí sílẹ̀ jọ̀ọ́!”, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè dé ibi tí páànù ti ń dá a lóhùn. Ní ìkẹrin dé ìkẹfà, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo yọ ṣéènì, mo ní kó kẹ́yìn sí Bàbá kó sì ki ọwọ́ bọ àpò. Èyí sàn díẹ̀, síbẹ̀ eré ni à ń wò, a kò wo ọmọ. Bàbá tó ń ṣe Ọdẹ, tí wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò kan káàkiri nígbà èwe wọn, jókòó sórí ibùsùn onírin, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí,” ni wọ́n wí fún mi, “ọmọ tó máa fojú di mi kò níí pariwo. Bó bá pariwo, mo ti borí ẹ̀ nìyẹn.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo tún yà á lẹ́ẹ̀mẹta sí i.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tèmi nìkan, ó sì ti pẹ́. Nínú I Was a Teenage Werewolf tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1957, Michael Landon ṣe ọmọ ilé-ìwé girama tí inú máa ń tètè bí. Agogo ilé-ìwé ló dún sí i létí tó fi di ìkookò lójú wa. Ìbínú ọmọ náà àti ẹranko náà jẹ́ ohun kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì wò ó yóò rò pé ká ní ó mọ bí a ṣe ń ní sùúrù ni, irun ìbá má hù lójú rẹ̀. Èyí gan-an ni ìwé eré mi ń ṣe láìmọ̀. Iwin mi ti di olùkọ́ oníbáwí: ó ń bá àwọn òbí na ọmọ tó ṣàìgbọràn, ẹ̀rù kò sì sí nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ti jẹ pàṣán rí.

Ohun tí kámẹ́rà gbà nìyí. Lẹ́yìn ìgbà kẹsàn-án, mo ní kí gbogbo wa sinmi, n kò sì pa fóònù. Ọmọ náà jókòó sétí ibùsùn, ó ki íàpíìsì bọ etí méjèèjì. Ẹ ó gbọ́ ohùn tèmi láti ẹ̀yìn kámẹ́rà tí mo ń pe orúkọ rẹ̀ gangan, tí mo yọ kúrò báyìí. Kò mira. Mo tún pè é. Ojú rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó dúró sí ibì kan tó fi bí ìka méjì ga ju orí mi lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ sókè, ó yọ íàpíìsì etí ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní “Ma?”, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè rí àléébù sí. Mo kà á: láti ìgbà tí mo parí ìpè kejì títí tí “Ma” náà fi jáde, àwòrán 60 ni, ìṣẹ́jú-àáyá 2.4. Ọmọ tí mo fi wákàtí méjì bẹ̀ pé kó ya olóríkunkun ti ń ya olóríkunkun sí mi látàárọ̀, èmi ni n kò mọ̀ ọ́n wò.

Mo wo ibẹ̀ bí ìgbà ogún. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí òbí lè mú lọ fún ẹnìkejì pé, “Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí sọ sí mi.” Ó dáhùn. Ó tún fi “Ma” sí i. Ohun tó fi pamọ́ ni àkókò, ẹni tó bá dàgbà nínú ilé Yorùbá sì mọ̀ pé ọmọ tí a pè lẹ́ẹ̀kan tí kò jẹ́, tó jẹ́ pé ìgbà tó wù ú ló dáhùn, ti ṣe ju ẹni tó bú ènìyàn lọ. Bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn.

Ibí ni ètò mi ti fọ́. Bí àìtètè dáhùn bá jẹ́ ìwà Dípọ̀, kí ni iwin yóò ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Àwọn àgbà kan náà tí wọ́n ní kí ọmọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a bá pè é, àwọn náà ló ń kìlọ̀ pé bí a bá gbọ́ ohùn lálẹ́ tí a kò rí ẹni tó pè wá, a kò gbọdọ̀ jẹ́. Òfin méjì nìyẹn nínú ilé kan, a kò sì sọ fún ọmọ èwo ló ga ju èkejì. Bísí, ọmọ dáadáa inú fíìmù yìí, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ máa ń funfun, tó máa ń kúnlẹ̀ kí a tó parí orúkọ rẹ̀, ni ìpè òru yóò mú. Nínú A Nightmare on Elm Street ti Wes Craven, ní ọdún 1984, ìyá ni ó fi irin dí fèrèsé kí ọmọbìnrin rẹ̀ má baà jáde, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn òbí fúnra wọn ṣe tí wọ́n sì bò mọ́lẹ̀ ni ó ń wá pa àwọn ọmọ lójú oorun. Ààbò àwọn àgbà ló di ẹ̀wọ̀n. Ti èmi kò nílò irin. “Ma” nìkan tó.

Nítorí náà Dípọ̀ kì í súfèé sí ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Súfèé tó ń sú ní ìran kejì nígbà tó ń fọ ìbọ̀sẹ̀, tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń sú u, ti tó. Ìran kẹrin yóò jẹ́ ìgbà tí Bàbá Ọdẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yọ íàpíìsì kan. Mo ti pe ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lórí fóònù, mo sọ fún wọn pé mo gbà á sílẹ̀ láìmọ̀, mo sì bèèrè bóyá mo lè lò ó. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n mú un wá kí bàbá rẹ̀ náà lè wò ó. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀ (n kò ka iye àwòrán), ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kí a tún un yà dáadáa. N kò mọ bí a ṣe ń tún irú rẹ̀ yà. Mo rò pé èyí tó wà nílẹ̀ ni n ó lò, tí n ó sì ya ojú Bàbá lọ́tọ̀ láti fi tì í.

Ó ku ìpè iwin fúnra rẹ̀. Yorùbá ṣeé súfèé bó ti ṣeé fi dùndún sọ. Ọládípọ̀ ni re mí mí dò. Adébísí ni re mí mí mí. Ìró mẹ́ta àkọ́kọ́ bára mu rẹ́gí, ìkẹrin ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí iwin pe Bísí, re mí mí mí, kí Bísí sì dáhùn. Bí mo ti ń kọ ọ́ lọ ni mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iwin yóò sú mẹ́ta, re mí mí, yóò sì dúró fún àwòrán 60, bí Dípọ̀ ti máa ń dúró. Bísí kò ní lè mú un mọ́ra, yóò ní “Ma!” Ìgbà náà ni ìkẹrin yóò tó jáde, yóò sì jẹ́ dò. Dípọ̀ ni wọ́n ń pè. Ó wà lórí ibùsùn kejì, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì dákẹ́ bó ti máa ń dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ti jẹ́ ẹ fún un.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan sí ẹnu Dípọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń rò ó bóyá kó yọ íàpíìsì tàbí kó má yọ ọ́.

Àbúrò mi ló bá mi sú u ní ìrọ̀lẹ́ yìí nínú wọ́dúróòbù tí a fi kúbùsù bò. A kọ́kọ́ gbé gbohùngbohùn síwájú ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ kàn ń lù ú gbì gbì. Nígbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ìró mọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò tilẹ̀ dí wa lọ́wọ́, torí pé ìró súfèé ga ju ohùn ẹ̀rọ lọ, mo gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ Hz 400 kúrò, súfèé kò sì mọ̀ pé mo gé nǹkan kan. Ohùn ènìyàn kò ní gbà mí láàyè bẹ́ẹ̀. Dò ìkẹyìn ló ń yọ mí lẹ́nu: bí àbúrò mi bá sú u bí orin, ó dùn jù, kò sì dẹ́rù bani, bó bá jẹ́ kó já bí ìgbà tí ẹnu ń pe “pọ̀”, orúkọ ni, kì í ṣe orin mọ́. Mo ti to mẹ́fà sílẹ̀, mo ń fi wọ́n wé ara wọn lórí sípíkà kékeré orí tábìlì. Màmá mi ti bèèrè láti yàrá wọn lẹ́ẹ̀mejì pé ta ló ń súfèé ní irú àkókò yìí, nítorí náà hẹ́dífóònù ni n ó fi gbọ́ àwọn tó kù.