Orí Eéjìlá Ni Wọ́n Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Bí Mo Ṣe Lọ Kọ́ Gìtá ní Jerez

Ọjọ́ márùn-ún ni gìtá mi fi wà nínú àpò rẹ̀ kí bàbá tó ń kọ́ mi tó gbà kí n yọ ọ́ síta. Jerez de la Frontera ni mo wà, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Spéìn. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Seville, mo sì gba yàrá ní àdúgbò Santiago, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn Gitano, ìyẹn àwọn ẹ̀yà Romani ti Spéìn, ti ń kọ bulería, ọ̀kan lára oríṣi orin flamenco ti gúúsù Spéìn, láti ìran dé ìran. Eré ọwọ́ ni mo bá wá: bí wọ́n ṣe ń tú ìka ká lórí okùn, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí páànù. Bàbá wo gìtá mi, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, kí n pàtẹ́wọ́.

Compás ni wọ́n ń pe ètò ìró tó gbé orin flamenco dúró. Ti bulería jẹ́ ìró méjìlá, àmọ́ orí oókan kọ́ ni wọ́n ti ń kà á, orí eéjìlá ni. Ibi tí àtẹ́wọ́ ti ń wúwo ni eéjìlá, ẹẹ́ta, ẹẹ́fà, ẹẹ́jọ àti ẹẹ́wàá. Ẹ kà á wò níbi tí ẹ jókòó sí: mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, méjì, méjì. Ìdajì àkọ́kọ́ ń fì, ìdajì kejì ń rìn tààrà. Soleá, oríṣi flamenco mìíràn, náà ní méjìlá yìí, àmọ́ ó rọra ń lọ ni. Seguiriya, oríṣi kẹta, ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹẹ́jọ, ó wá di méjì, méjì, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì. Orin ìbànújẹ́ ni, èèyàn kì í gbọ́ ọ kí ara rẹ̀ má bù máṣọ.

Ọjọ́ kẹta ni etí mi ṣí. Bàbá ń fi oríkèé ìka lu tábìlì, èmi ń ṣìṣe, títí mo fi rántí agogo tó ń ró kóńkóló nínú ìlù ilé wa. Òun náà ń pín méjìlá láìdọ́gba. Mo dẹ́kun kíkà, mo jẹ́ kí ara gbé e, ó sì bọ́ sí i. Mi ò sọ pé Yorùbá ló ni bulería o. Àwọn tó ni ín jìyà lórí rẹ̀.

Láàárín ọdún 1400 sí 1500 ni àwọn Gitano dé Spéìn. Ní oṣù Keje ọdún 1749, ìjọba Ọba Fernando Kẹfà pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ya ọkọ nípa sí aya, wọ́n sì fi àwọn ọkùnrin ṣe iṣẹ́ àfipáṣe. Martinete, orin tí wọ́n ń kọ láìsí gìtá, tí ìró òòlù lórí irin ń gbè lẹ́yìn, ilé àgbẹ̀dẹ wọn ni wọ́n so ó mọ́.

Àmọ́ àwọn kan wà tí wọn kì í sábà dárúkọ, èyí sì ń dùn mí. Èèyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ gan-an ní Seville ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún. Ẹgbẹ́ ìjọ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Gonzalo de Mena dá sílẹ̀ fún wọn ṣì wà títí dòní, Los Negritos ni aráàlú ń pè é. Mo dúró níwájú ilé àdúrà wọn kí n tó wọ ọkọ̀ lọ sí Jerez. Láyé àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi tún ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín Cádiz, ìlú èbúté ní gúúsù Spéìn, àti Kúbà, níbi tí àwọn Lukumí, ọmọ Yorùbá, ti ń lu bàtá. Kúbà ni guajira, oríṣi flamenco mìíràn, ti wá, òun náà pẹ̀lú méjìlá tirẹ̀. Àpótí onígi tí wọ́n ń jókòó lé lù, cajón, àwọn èèyàn dúdú Perú ló ni ín. Paco de Lucía, gbajúmọ̀ onígìtá ọmọ Spéìn, ló mú un wọ inú flamenco ní apá ìparí àwọn ọdún 1970.

Ní ọjọ́ kẹfà, Bàbá ní kí n yọ gìtá. Mo gbé ọwọ́ sórí okùn, wọ́n bá mú ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi ìka tí à ń wọ òrùka sí hàn mí, wọ́n ní kí n máa fi lu ojú igi gìtá náà, lórí eéjìlá.