Ọ̀nà Kerguelen: Níbi tí Séálì Erin ti Ń Wọn Òkun

Kò sí pápá ọkọ̀ òfurufú ní Kerguelen. Erékùṣù ilẹ̀ Faransé ni, ní ìsàlẹ̀ Òkun Íńdíà lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí ìwọ̀n 49 sí gúúsù, kò sì sí igi kankan níbẹ̀ tí yóò gba atẹ́gùn sílẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn onímọ̀ òkun lọ lẹ ẹ̀rọ tó ń wọn omi òkun mọ́ orí séálì erin, ẹranko òkun ńlá tó ń rì lọ jìn, yóò kọ́kọ́ wọ bàálù lọ sí Réunion, erékùṣù ilẹ̀ Faransé mìíràn, yóò wá wọ ọkọ̀ ojú omi Marion Dufresne, yóò sì rin ohun tó lé ní 3,000 kìlómítà lórí ìgbì. Iṣẹ́ náà tọ́ sí ìrìn náà lójú mi. Àmọ́ páálí ẹrù àti gúlúù ló ń bà á jẹ́ ju òkun lọ, àwọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti físà. Físà Schengen lásán kò gbé èèyàn wọ Réunion. Ó gbọ́dọ̀ hàn lára físà náà pé ó kan erékùṣù yẹn. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ béèrè dáadáa kó tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún kan ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì TAAF ní Saint-Pierre ní Réunion, nítorí àwọn ló ń ṣàkóso Kerguelen.

Ẹrù wá kàn. Bátìrì lithium ló wà nínú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní CTD-SRDL. Ẹrù eléwu ni àwọn oníbàálù ka irú bátìrì bẹ́ẹ̀ sí, nọ́ńbà UN 3091 sì gbọ́dọ̀ wà lára ìwé rẹ̀. Acetone, omi tó ń yọ ọ̀rá tí wọ́n fi ń nu irun séálì, ní nọ́ńbà tirẹ̀, UN 1090. Aṣojú akẹ́rù kan gba owó ìwé eléwu lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún bátìrì, ọ̀kan fún acetone, owó acetone yẹn sì ju owó tí wọ́n fi ra acetone fúnra rẹ̀ lọ fíìfíì. Inú ṣì ń bí mi sí i. Má gbé acetone wọ bàálù rárá. Ra á ní Réunion. Pín àwọn ẹ̀rọ sí páálí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú, nítorí bí páálí kan ṣoṣo bá há sí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bàálù, ọkọ̀ ojú omi kò ní dúró dè é. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni ọkọ̀ náà ń gba ọ̀nà yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń ra ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ náà dára. Ó gùn tó 120 mítà, oúnjẹ tó jíire ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, búrẹ́dì sì ń gbóná wá sórí tábìlì. Bí wọ́n bá ti kọjá ìwọ̀n 40 sí gúúsù, ìgbì kì í ṣe ti eré mọ́. Kí ẹni tí òkun máa ń kọ lójú lo oògùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí ẹni tó bá ti ń bì kò lè gbé oògùn dúró nínú.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọn yóò yẹ aṣọ wò ní àpò kọ̀ọ̀kan, wọn yóò fi ẹ̀rọ fa ìdọ̀tí jáde, wọn yóò sì fi oògùn apakòkòrò fọ bàtà. Velcro, ìyẹn ìdè aṣọ tó ń lẹ mọ́ra, ló ń jẹ àsìkò jù: irúgbìn koríko há sínú rẹ̀, ẹ̀mú kékeré ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ jákẹ́ẹ̀tì onísíìpù. Mo fara mọ́ ìṣọ́ra yìí tọkàntọkàn, nítorí ehoro tí àwọn èèyàn kó wá sí erékùṣù yẹn láyé àtijọ́ ti jẹ ewébẹ̀ ibẹ̀ run ní ọ̀pọ̀ ibi. Àrùn ẹyẹ H5N1 náà sì ti dé Kerguelen láti ìparí 2024, ó sì ti pa séálì. Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú di dandan létí ẹranko, kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé gbogbo etíkun ni wọn yóò ṣí fún òun.

Láàárín oṣù kìíní sí ìkejì, etíkun kún fún séálì erin tí irun ara wọn ń bọ́. Wọ́n á dùbúlẹ̀ ti ara wọn nínú ẹrẹ̀, òórùn ibẹ̀ sì lè lé èèyàn padà. Òórùn náà kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ojú ni kí o fi wo irun. Séálì tí irun àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀ kò wúlò, nítorí irun yẹn yóò bọ́ tòun ti ẹ̀rọ. Èyí tí irun tuntun ti bo orí rẹ̀ títí dé ọrùn ni kí wọ́n mú, torí yóò gbé ẹ̀rọ náà títí di ìgbà tí irun yóò tún bọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ló máa sọ bóyá akọ tàbí abo ni. Àwọn akọ tí kò tíì dàgbà tán ni wọ́n sábà máa ń lọ sórí pẹpẹ omi tí kò jìn létí Antarctica. Àwọn abo sábà máa ń wà níbi tí òkun ti jìn.

Abo tó wọn nǹkan bí 300 kìlógíráàmù ṣe é mú. Wọ́n á gba ẹ̀yìn yọ sí i, wọ́n á da àpò kánfáàsì bò ó lórí, dókítà ẹranko yóò sì gún un lábẹ́rẹ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba inú egungun ẹ̀yìn. Tiletamine àti zolazepam ni oògùn tó ń mú un sùn, nǹkan bí ìdajì mílígíráàmù fún kìlógíráàmù kan. Ibi tó jìn sómi ni wọ́n ti ń ṣe é, nítorí séálì tí oògùn ti wọ̀ lára tó bá bọ́ sómi yóò kú. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa ka èémí rẹ̀ lọ. Séálì lè dá èémí dúró fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú lórí ilẹ̀ bó bá ń sùn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àyà tètè já èèyàn nígbà tó yẹ kó já.

Gúlúù wá dé. Epoxy alápòpọ̀ méjì ni, iṣẹ́ náà sì dúró lé e lórí pátápátá. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní 5°C, gúlúù náà á ki bí ẹ̀kọ tó ti dì nínú ewé, apá méjèèjì kò ní pò dọ́gba, yóò sì máa rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ títí omi yóò fi gbà á. Inú jákẹ́ẹ̀tì, níbi ìgbóná ara, ni kí wọ́n gbé túùbù rẹ̀ sí láti àárọ̀. Kí wọ́n ta tapólì sókè orí séálì, kí wọ́n fi aṣọ gbẹ irun, kí wọ́n fi acetone nù ún kí ọ̀rá kúrò, kí wọ́n tún gbẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n fi ìka oníbọ̀wọ́ tẹ gúlúù wọ ìdí irun, torí èyí tó bá dúró sórí irun nìkan yóò ṣí. Kó má nípọn: gúlúù tó ń yára gan máa ń gbóná, bó bá sì pọ̀ jù, yóò jó awọ. Bó bá ti ń gan, kí ẹnikẹ́ni má tún ẹ̀rọ tì sọ́tùn-ún sósì. Àńtẹ́nà gbọ́dọ̀ wà níbi tí yóò ti yọ jáde bí orí bá ti yọ. Ibi tí ẹ̀rọ ti ń wọn iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ kan gúlúù. Tépù ni wọ́n fi ń bò ó, ẹni tó lẹ tépù yẹn ló sì gbọ́dọ̀ ṣí i kúrò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi rédíò kékeré gbọ́ bóyá ẹ̀rọ ń ránṣẹ́ kí séálì tó jí. Lẹ́yìn tó bá ti wọ omi, kò sí àtúnṣe.

Ẹ̀rọ náà kò ju nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ. St Andrews ní Scotland ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó ń wọn bí omi ṣe jìn tó, bó ṣe tutù tó àti bó ṣe níyọ̀ tó bí séálì bá ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tó lè jìn ju 500 mítà lọ, nígbà mìíràn ju 1,000 lọ. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta péré ni séálì ń lò lókè omi, sátẹ́láìtì Argos kì í sì í wà lókè ní gbogbo ìgbà. Ìsọfúnni tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan kéré, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ tó rán dé. Nítorí náà, láàárín wákàtí mẹ́fà, ìrì omi tó jìn jù nìkan ni ó ń yàn; kìkì ibi tí ìlà ìwọ̀n rẹ̀ ti tẹ̀ ni ó ń fi ránṣẹ́, á sì tún un rán léraléra. Ẹni tó bá ń retí gbogbo ìrì omi yóò já kulẹ̀.

Síbẹ̀, ìgbà òtútù ni ayọ̀ iṣẹ́ yìí dé. Nígbà yẹn, ọkọ̀ díẹ̀ ló ń wọ àárín yìnyín, ẹ̀rọ Argo tó ń léfòó láti wọn òkun (kì í ṣe Argos ti sátẹ́láìtì) kò sì lè tètè rí àyè yọ sókè. Séálì ń bẹ níbẹ̀, ó ń jẹun, ó ń rì, ó ń wọn. Dátà wọn wà lára ohun tí Kay Ohshima ti Yunifásítì Hokkaido àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní 2013 láti fi hàn pé létí Cape Darnley ní Antarctica, omi tútù wíwúwo ń rì lọ sísàlẹ̀ òkun: bí omi bá ń di yìnyín níbẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ń kù sílẹ̀, omi tó kù á wúwo, á sì máa ṣàn gba etí pẹpẹ lọ sísàlẹ̀. Ibi mẹ́ta tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irú omi yìí ti ń wá di mẹ́rin. Orí mi wú sí èyí ju ohunkóhun mìíràn nípa Kerguelen lọ.

Inú MEOP, àkójọ ìwọ̀n òkun tí àwọn ẹranko òkun gbà wá, ni dátà náà wà, ó lé ní 500,000 ìwọ̀n láti òkè omi dé ìsàlẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tí wọ́n ti tún ṣe ni kí ẹ gbà, torí orí séálì fúnra rẹ̀ ń yí bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn iyọ̀ padà, ó sì sinmi lórí ibi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá sì rí séálì náà nígbà tó padà sí etíkun, kí wọ́n gé irun abẹ́ gúlúù, kí abẹ má kan awọ, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí sátẹ́láìtì rí gbà lọ.