Àkọ́sórí kì í ṣe ìwé kíkà: fún ẹ̀yin olùkọ́ tuntun ní kíláàsì kìíní àti ìkejì

Ẹ̀yin àbúrò wa, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń tan olùkọ́ jẹ ni àkàpọ̀. Olùkọ́ á kà, gbogbo kíláàsì á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ariwo á sọ, a ò sì ní mọ̀ pé ọmọ mélòó kan péré ló ń kàwé, tí àwọn yòókù kàn ń gbè é. Ẹ fọwọ́ bo àwòrán, kí ẹ ní kí ọmọ kan ka ìlà kẹta kó tó ka ti àkọ́kọ́. Ẹnu ẹni tó kọ́ ọ sórí á wọhò.

Orúkọ lẹ́tà náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ tó mọ b sí “bí”, tó mọ t sí “tí”, “bí-a-tí-a” ni yóò ka bàtà. Ẹ tètè so kọ́ńsónáǹtì mọ́ fáwẹ̀lì méjèèje: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Kọ́ńsónáǹtì 18 la ní. Méjì lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 9, táàmù kan gbà á tán. Bí b àti t bá ṣáájú, bàbá, bàtà, obì àti ata ti ṣe é kà lọ́sẹ̀ kìíní.

Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo sábẹ́ gb, kí wọ́n má baà pín in sí méjì. Ti n ló díjú jù: nínú ọgbọ́n, ó kàn gba ohùn fáwẹ̀lì sí imú ni, sílébù méjì; nínú kọ̀ǹkọ̀, ó dá dúró, sílébù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ sí i. Olùkọ́ tí kì í sì fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lórí pátákó ń kọ́ ọmọ pé owó àti ọwọ́ kò yàtọ̀.

Bí ọmọ bá kọsẹ̀ níbi pẹ́pẹ́yẹ, ẹ má sáré pè é fún un. Ẹ ka ení dé àrún sínú ná. Bí kò bá bọ́ sí i, ẹ fi páálí bo ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀: pẹ́, pẹ́, yẹ. Kó pè é pọ̀, kó sì tún gbólóhùn náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọmọ tó bá ń já ọ̀rọ̀ kà lọ́kọ̀ọ̀kan kì í mọ ohun tó kà.

Kódà bí ọmọ bá pé 50, ẹ gbọ́ ohùn ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọmọ 5 lójúmọ́, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn yòókù ń kọ̀wé, ọ̀sẹ̀ 2 ló gbà. Bí àṣìkà bá ju 1 lọ nínú ọ̀rọ̀ 10, ìwé yẹn ló le jù. Ẹ fún un ní èyí tó rọrùn, ẹ má na ọmọ.