Bí ẹbí bá bi yín léèrè lọ́yà tó mọ iṣẹ́ ìgbàṣọmọ

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wẹ́fíà, àwọn tó fẹ́ sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wọn tó ti di olóògbé di ọmọ tiwọn lábẹ́ òfin, èyí tí à ń pè ní ìgbàṣọmọ, yóò máa bi yín pé lọ́yà wo ni kí àwọn gbà. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, wọn yóò ní ẹ ti gba tiyín lọ́wọ́ lọ́yà. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ni pé kí á kọ́ ẹbí bí wọn yóò ṣe dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀ fúnra wọn.

Kí wọ́n fetí sí ohun tí lọ́yà béèrè kó tó dárúkọ owó. Ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí yóò béèrè ọjọ́ orí wọn, ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé, àti bóyá òbí ọmọ kan ṣì wà láàyè tí yóò fọwọ́ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ní kí tọkọtaya tó fẹ́ gba ọmọ ti pé ọdún 25 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó dá wà ti pé 35, kí òun àti ọmọ sì jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí kí àwọn méjèèjì jọ jẹ́ obìnrin. Àpọ́n tó fẹ́ gba ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè yege lábẹ́ òfin yìí. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, àlàyé inú òfin ìpínlẹ̀ kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni ìwé ìbúra kóòtù (affidavit). Ẹbí á gbé bébà kan wá, fọ́tò ọmọ àti ti àǹtí rẹ̀ á wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ á wà nísàlẹ̀, wọ́n á ní lọ́yà ti parí iṣẹ́. Bébà yẹn kò sọ ọmọ di ọmọ ẹni. Àṣẹ ilé ẹjọ́ ẹbí ló ń ṣe é, òun ló sì ń fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ogún bí ọmọ bíbí. Bí lọ́yà bá ní ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo rẹ̀ yóò gbà, kí wọ́n sá fún un, nítorí òfin 2003 yẹn ní kí olùgbà ti sọ ìpinnu rẹ̀ fún wẹ́fíà ní oṣù 12 ṣáájú àṣẹ, kí ọmọ sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù 3 gbáko.

Ti àwọn tó ń gbé ní London tún yàtọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró lọ́dún 2021. Lọ́yà tó bá gba owó wọn láì mẹ́nu ba èyí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Kí ẹbí sì ní kí lọ́yà kọ owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí i pé ó kọ owó kan síbẹ̀ fún ìyá ọmọ kó lè fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n kó fáìlì wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí òfin kan náà sọ ríra ọmọ àti títa ọmọ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n.