Ẹ Bi Adágún Fúnra Rẹ̀ Léèrè: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Nínú Ìmọ̀ Omi

Ẹ̀yin àbúrò mi, kí ẹ tó kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ kankan nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn àwọn adágún kéékèèké kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ontario, ní Kánádà, nítorí inú rẹ̀ ni mo ti rí púpọ̀ nínú ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Ní àwọn ọdún 1960, omi Adágún Erie, adágún ńlá kan tó wà láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, ń di aláwọ̀ ewé. Algae, àwọn ẹlẹ́mìí wíńníwínní tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ bí ewéko, ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì kú tí wọ́n ń jẹrà, ọ́síjìn a tán nísàlẹ̀ omi. Àwọn kan ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ àti omi ìdọ̀tí ìlú ló ń bọ́ wọn. Àwọn mìíràn, tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ wà lára wọn, ní kábọ́ọ̀nù ni. Ìdánwò inú ìgò sì máa ń ti ọ̀rọ̀ kábọ́ọ̀nù lẹ́yìn.

Ní 1969, David Schindler, onímọ̀ nípa adágún, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú Adágún 227, ọ̀kan lára àwọn adágún kéékèèké Ontario tí mo dárúkọ, tí kábọ́ọ̀nù inú omi rẹ̀ kéré gan-an, wọn kò sì fi kábọ́ọ̀nù kankan kún un. Síbẹ̀ adágún náà di aláwọ̀ ewé. Bí algae ṣe ń lo kábọ́ọ̀nù inú omi tán ni òmíràn ń wọlé láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀nà tí ìdérí ìgò ti dí pa. Ní 1973, wọ́n fi aṣọ ìkélé dí ọrùn tóóró tó wà láàárín Adágún 226. Apá méjèèjì ni wọ́n da kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ló gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, òun nìkan ló sì di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí ẹ bá rí àwòrán tí wọ́n yà á láti òkè, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń sọ pé kò sí àtẹ òǹkà tó lè yí aṣòfin lọ́kàn padà tó o.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba èsì ìdánwò kankan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwo ìdánwò náà ti tì síta àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún un. Láti 1990, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan ni wọ́n ń dà sí Adágún 227, síbẹ̀ algae kò dẹ́kun, nítorí irú cyanobacteria (bakitéríà tó ń ṣe oúnjẹ bí algae) kan wà tó ń mú náítírójìn tirẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń gba àkókò kí wọ́n tó gbilẹ̀. Nínú adágún tí omi rẹ̀ kò níyọ̀, mo fara mọ́ àwọn tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni ká kọ́kọ́ kápá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àríyànjiyàn náà kò tíì tán láàárín àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé èsì Ontario lọ sí etíkun. Ní 1971, àwọn onímọ̀ òkun méjì, Ryther àti Dunstan, fi hàn pé àìtó náítírójìn ló ń dí algae lọ́wọ́ láti pọ̀ sí i nínú omi òkun nítòsí New York. Ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀sà Èkó, tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń dínkù lójò tó sì ń pọ̀ lẹ́ẹ̀rùn, níláti wọn èròjà méjèèjì ní ìgbà méjèèjì.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́sífeètì, ìyẹn irú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó yọ́ sínú omi. Nígbà tí algae bá pọ̀ jù lọ gan-an ni ó sábà máa ń kéré jù lọ, nítorí inú ara algae ló ti wọ̀ sí. Ẹni tó dé ibi àsè lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán, tó bá ìkòkò òfìfo, kò lè sọ pé wọn kò dáná. Àpapọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, èyí tó yọ́ sínú omi àti èyí tó wà nínú algae, ni kí ẹ máa wọ̀n.

Ẹ má sì gbàgbé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Níbi tí ọ́síjìn bá wà, irin inú ẹrẹ̀ a di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú; bí ọ́síjìn bá tán, a tú u sílẹ̀ padà sínú omi. Ìdí nìyí tí adágún kan fi lè wà ní aláwọ̀ ewé fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìlú ti dá omi ìdọ̀tí rẹ̀ dúró, tí àwọn ará ìlú á sì máa rò pé owó àwọn ti ṣòfò. Ẹ wọn ọ́síjìn ìsàlẹ̀, kí ẹ sì bu ẹrẹ̀ náà wá, kí ẹ lè sọ fún wọn ibi tí èròjà náà ti ń wá.